Fífi Debian sórí kọ̀ǹpútà àti àbójútó rẹ̀

Debian jẹ́ sístẹ̀mù ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a kọ́ lé orí Linux, tí orísun rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lò ó, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ian Murdock, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ló kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1993. Orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, àti orúkọ Ian fúnra rẹ̀ ló so pọ̀ di Debian. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ni ín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri àgbáyé ló ń bójú tó o. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti fa Ubuntu yọ ní ọdún 2004, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú àyọkà yìí bá Ubuntu mu pẹ̀lú.

Fífi Debian sórí ẹ̀rọ kò le bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni àṣẹ tí a bá fi ìkánjú pa. Sístẹ̀mù yìí gbà pé alámùójútó mọ ohun tí ó ń ṣe, kì í sì í sábà béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa ohun tí a ní kí ó pa rẹ́.

Àwọn ẹ̀ka àti àtẹ̀jáde

Ẹ̀ka mẹ́ta ni Debian ní: stable, testing àti unstable. Stable ló yẹ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Orúkọ ẹ̀dá inú fíìmù Toy Story ni wọ́n fi ń pe àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan. Debian 12, Bookworm, jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2023. Debian 13, Trixie, jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ọdún márùn-ún ni àtẹ̀jáde kan fi ń rí àtúnṣe ààbò gbà: mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn olùdásí Debian gan-an, méjì tó kù lábẹ́ ètò àbójútó ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní bíìtì 32 kò lè fi Debian 13 sí i, nítorí wọn kò ṣe ètò ìfisórí fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìpalẹ̀mọ́

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì sórí díìsìkì mìíràn. Ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà kì í ṣe ẹ̀dà.

Fáìlì ISO tí wọ́n ń pè ní netinst kéré, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kó ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Níbi tí dátà bá ti wọ́n tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì ń já, ISO ti DVD sàn jù. Ẹnì kan lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo kíláàsì dà á kọ. Ibi yòówù kí ó ti wá, kí a fi àṣẹ sha512sum yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fi èsì rẹ̀ wé nọ́ńbà tó wà lórí ìtàkùn debian.org. Láti Debian 12 ni wọ́n ti ń fi fáìmúwíà sínú ISO, èyí tó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyọnu Wi-Fi tí kì í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ewu ńlá àkọ́kọ́ wà níbi kíkọ ISO sórí fílàáṣì. Lórí Windows, Rufus lè ṣe é. Lórí Linux, kí a kọ́kọ́ pa àṣẹ lsblk láti mọ orúkọ fílàáṣì náà. Bí ó bá jẹ́ sdb, àṣẹ náà ni:

cp debian.iso /dev/sdb
sync

Orúkọ fílàáṣì lódindi ni a ń kọ, kì í ṣe sdb1. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín sdb àti sda, sda sì lè jẹ́ díìsìkì tí gbogbo iṣẹ́ ẹni wà. Ọ̀nà tó dára láti dá fílàáṣì mọ̀ ni kí a pa lsblk kí a tó kì í bọ ẹ̀rọ, kí a tún pa á lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ni fílàáṣì.

Fífi sórí ẹ̀rọ

Bọ́tìnnì F12, F2 tàbí Esc ló sábà máa ń gbé àtòjọ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti gbéra jáde. Ètò ìfisórí yóò wá béèrè èdè, orílẹ̀-èdè àti kíbọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́ root, oníṣe tó ní agbára lórí ohun gbogbo. Ìbéèrè yìí ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí a bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, Debian yóò ti root pa, yóò sì fún oníṣe àkọ́kọ́ ní àṣẹ láti lo sudo. Bí a bá kọ nǹkan síbẹ̀, oníṣe náà kò ní ní sudo, ìkìlọ̀ pé kò sí nínú fáìlì sudoers ni yóò sì máa rí. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí a pa su - (kí a má gbàgbé àmì ìkẹyìn náà), kí a tẹ ọ̀rọ̀ìpamọ́ root, kí a pa adduser ade sudo, níbi tí ade ti jẹ́ orúkọ oníṣe, kí a jáde, kí a sì tún wọlé.

Ìpín díìsìkì ni ewu kejì. Ẹni tó fẹ́ kí Windows wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dín ìpín Windows kù láti inú Windows fúnra rẹ̀, kí ó sì lo àyè tó ṣófo nìkan; bí ó bá yan gbogbo díìsìkì, Windows àti fáìlì inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó dára kí /home ní ìpín tirẹ̀, kí a lè tún sístẹ̀mù fi sórí lọ́jọ́ iwájú láìfọwọ́ kan ìwé ẹni. A lè fi àdììtú bo díìsìkì, ó sì yẹ fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí olè lè gbé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣí i fún ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti ojú iṣẹ́, GNOME ni Debian máa ń yàn. Xfce fúyẹ́ jù fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré.

Àbójútó ojoojúmọ́

Inú ibùdó Debian ni sọ́ftíwíà ti ń wá, irinṣẹ́ apt ló sì ń kó o. Apt update kò yí ohunkóhun padà, àtòjọ nìkan ló ń tún ṣe; apt upgrade ló ń fi àtúnṣe sórí ẹ̀rọ. Sọ́ftíwíà unattended-upgrades lè máa fi àtúnṣe ààbò síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí a yẹra fún fífi ibùdó àjèjì kún /etc/apt, pàápàá ti Ubuntu: ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n àdàlù wọn máa ń ba sístẹ̀mù jẹ́. Ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, apt-cacher-ng lórí ẹ̀rọ kan yóò jẹ́ kí a gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ẹ̀rọ yòókù, dátà kò sì ní ṣòfò.

Níbi tí iná kò ti dúró, ó ṣe pàtàkì láti mọ ohun tí àìsí iná lójijì ń ṣe. Ext4, tí Debian ń lò, máa ń kọ àyípadà sílẹ̀ kí ó tó ṣe é, nítorí náà ètò fáìlì kì í sábà dàrú. Ìwé tí a kò tíì fi pamọ́ ló ń lọ. Àkókò tó burú jù ni ìgbà tí apt upgrade ń lọ lọ́wọ́. Bí iná bá lọ nígbà náà, àṣẹ méjì yìí ló sábà máa ń tún un ṣe:

dpkg --configure -a
apt -f install

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, kí a wo df -h bóyá díìsìkì ti kún, kí a sì ka journalctl -b fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó gbéra. Ìmọ̀ràn pé kí a pa chmod -R 777 láti yanjú ìṣòro àyè ìwọlé kò dára rárá. Ó ń ṣí fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo oníṣe, títún un ṣe sì nira. Lórí sáfà tó wà lójú íntánẹ́ẹ̀tì, kí a má gba root láyè láti wọlé nípasẹ̀ SSH. Bí a bá yí ètò SSH padà, kí a dán ìwọlé tuntun wò kí a tó ti èyí tí a wà nínú rẹ̀, kí a má baà ti ara wa mọ́ ìta.

Kíkọ èdè Yorùbá

Debian ní ètò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tó ní ẹ̀ka Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. A lè yàn án nínú ètò kíbọ́ọ̀dù ojú iṣẹ́. Ètò agbègbè yo_NG náà wà, àṣẹ dpkg-reconfigure locales ni a fi ń tan án.

Kíkọjá sí àtẹ̀jáde tuntun

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gun àtẹ̀jáde Debian. Ẹni tó wà lórí 11 gbọ́dọ̀ dé 12 kí ó tó lọ sí 13. Yóò kọ́kọ́ fi gbogbo àtúnṣe àtẹ̀jáde tó wà sí i, yóò ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀, yóò pààrọ̀ orúkọ àtẹ̀jáde nínú /etc/apt, yóò wá pa apt update, apt upgrade àti apt full-upgrade tẹ̀ léra wọn, kí ó tó tún ẹ̀rọ gbé dìde.