Okùnfà Làpálàpá àti Ibà: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Ilẹ̀ Ọ̀dàn Ìpàpó

Ìfáárà

Ohun tí ojú rí àti ohun tí ara mọ̀ ni Yorùbá fi ń dá àìsàn mọ̀. Òye yìí súnmọ́ òtítọ́ nípa làpálàpá, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí i nípa ibà. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

Làpálàpá

Ìbátan èbu tí í hù lórí oúnjẹ tí ó bu ni ó ń fa làpálàpá. Ó hàn gbangba lórí ọmọdé, ó sì ń ràn láti orí dé orí bí abẹ kan náà bá fá orí púpọ̀. Nítorí náà, kò ṣòro láti mọ̀ pé àrànmọ́ ni. Ewé asunwọ̀n òyìnbó tí wọ́n fi ń pa á ní èròjà tí ń bá èbu jà. Orúkọ ewé náà jẹ́rìí pé àjèjì ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ibà

Ti ibà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìpàpó, ìlú àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ìgbà òjò ni iṣẹ́ oko ń pọ̀. Ìgbà náà ni omi ń dá rogún tí ẹ̀fọn sì ń pọ̀. Òru ni ẹ̀fọn yìí ń jẹni. Ó sì tó ọjọ́ méje sí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó gbóná. Nígbà náà àgbẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé oòrùn àná. Ìdí nìyí tí a fi di ẹ̀bi ru oòrùn. Àwọn Òyìnbó pàápàá di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́ àbàtà, títí Laveran fi rí ẹ̀dá oníhóró kan nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjíríà ní 1880. Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1897, Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, fi kuníìnì àti gbígbẹ àbàtà gbógun ti ibà.

Ìgúnlẹ̀

Ẹlẹ́rìí kan wà tí ó dá oòrùn láre: ọmọ ọwọ́ tí kò dé oko rí ni ibà ń pa jù. Ní 2005, Nàìjíríà fi àkànpọ̀ oògùn atimísínì rọ́pò kòlòrókúnì, nítorí ibà kò gbọ́ ti kòlòrókúnì mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbà pé oòrùn ni yóò wá ibòòji lọ́sàn-án; kò ní ta àwọ̀n ẹ̀fọn bo ọmọ rẹ̀ lóru.