Òfin Wọ Inú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣé òwe yìí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n? Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1976 ní ẹ̀wọ̀n Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ alábẹ̀wò fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn náà ké gbàjarè pé wọn kò gbọ́ tẹnu àwọn dáadáa. Lọ́dún 1978, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pinnu pé adájọ́ lè yẹ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ní 1996, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, kòtẹ́milọ́rùn Èkó sọ pé ẹni tí a dájọ́ ikú fún pàápàá ṣì ní ẹ̀tọ́. Abala 36 ìwé òfin 1999 sì ní kí a gbọ́ tẹnu olúkúlùkù. Nítorí náà, ẹlẹ́wọ̀n Adó-Èkìtì tí wọ́n bá fìyà jẹ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ lè ké sí ilé ẹjọ́ gíga.