Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn tó já kúrò lára kókó jẹjẹrẹ, tí wọ́n bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a yí ara ká títí tí òmíràn nínú wọn yóò fi rí ibi fìdí kalẹ̀ sí, ìbáà ṣe nínú egungun, nínú ẹ̀dọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìrìn àjò yìí gan-an ló ń sọ jẹjẹrẹ di apani, nítorí kókó tó jókòó sójú kan, abẹ lè gé e kúrò. Èyí tó ti fọ́n ká ni apá kì í sáàbà ká mọ́.

Thomas Ashworth ló kọ́kọ́ rí wọn, ní Melbourne, ilẹ̀ Australia, ní ọdún 1869, nígbà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ pa wò, tó sì rí sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí ti àwọn kókó ara olóògbé náà. Ní 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́-abẹ ará London, gbé àkọsílẹ̀ nípa obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa yẹ̀ wò, ó sì fi àìsàn náà wé irúgbìn tí a fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n tí kì í hù àfi níbi tí ilẹ̀ bá ti gbà á. Àgbẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ ti bọ́ sórí àpáta rí mọ ohun tí Paget ń wí.

Wíwá wọn rí ni iṣẹ́ ńlá. Nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì pupa tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù márùn-ún, ti funfun sì jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ti jẹjẹrẹ tó há sáàárín wọn lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun àti ti ẹ̀yà ara ọkùnrin tí à ń pè ní prostate sábà máa ń ní èròjà kan, EpCAM, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kò ní. Wọn a po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ èérún irin tín-ín-tìn-ìn-tín tí a fi ohun tó ń lẹ̀ mọ́ EpCAM bò. Òòfà a fa irin, irin a fa sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a wá fi aró yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá wọn wọlé, kí wọ́n tó kà wọ́n lábẹ́ awò. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan, CellSearch, ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ 7.5, ṣíbí tíì kan àbọ̀, ló ń gbà. Bí a bá rí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti ràn ká, ewu rẹ̀ ju ti ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn a bọ́ EpCAM sílẹ̀ bó ti ń kúrò lára kókó, òòfà a sì gbójú fò ó. Nígbà tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àìrí wọn kò fi hàn pé ara dá. Ní 2014, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a tilẹ̀ tètè pààrọ̀ oògùn fún obìnrin tí iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dínkù lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́, ìyẹn kò fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ohun mìíràn ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di olùkọ́ àgbà ní Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ti obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Ní 2018 wọ́n kéde pé nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àbùkù nínú jíìnì tí à ń pè ní BRCA1, mẹ́rin sì ní i nínú BRCA2. Ìyẹn ń sọ ẹni tí ewu lè bá kí kókó tó yọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1907, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì LAUTECH wà lónìí, gígé díẹ̀ lára kókó láti wò lábẹ́ awò ni ẹ̀rí tó dájú síbẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Kókó ọmú kì í sábà dun ni níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ń tajà ní Ọjà Igbó fi lè fọwọ́ kàn án kó sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìgò kan wà tó lè pa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí mọ́ fún wákàtí 96 láìsí yìnyín bí ooru kò bá pọ̀ jù, èyí tó tó láti gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn tàbí Èkó, bí ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá wà níbẹ̀.