Ẹ̀rọ Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

"Bí mo bá ní kó kú, ńṣe ló tún ń jí." Ohun tí tíṣà kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sọ fún ọ̀gá mi nìyẹn lọ́dún 2003, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fíà, Òṣogbo. Orí itan ló gbé kọ̀ǹpútà náà lé nínú mọ́tò láti ilé, ó fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá mi kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó, sà. Kí ló wọlé kẹ́yìn?" Èmi ọmọ iṣẹ́ ni mo máa ń kọ ìdáhùn sínú ìwé ńlá elẹ́yìn pupa tó wà lórí káńtà. Mo kọ ọ́ pé Windows 98 ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọmọ àbúrò tíṣà náà tó ti yunifásítì dé ló fi XP rọ́pò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti pé láti ọjọ́ náà ni kò ti gbọ́ràn mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ pa á.

Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Ọ̀gá mi fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo sì gbé e padà sílé, sí Ìsọ̀kun ní Iléṣà. Bí mo bá ń ṣí i, ohun kan ló máa ń hàn sí mi: nínú iṣẹ́ wa, kọ̀ǹpútà tí kò tàn kò dà wá láàmú tó èyí tó kọ̀ tí kò kú. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ̀ wọ̀nyí ló sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tuntun sí wọn ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀gá mi kọ́ṣẹ́ rédíò, wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n gé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, ìjọba kó dé Òṣogbo, ìwé sì tẹ̀ lé ìjọba: lẹ́tà, fọ́ọ̀mù, ìwé kọntíráàtì, ìbéèrè ìdánwò. Àwọn tó ń fi tàípù jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà odindi tó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá nínú páálí wọ́n ju owó oṣù lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bí Omatek àti Zinox tó ń to tiwọn ní Nàìjíríà kò tíì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ọ̀gá mi ṣe ń jí wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà nìyẹn, sí ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní òpópónà Ọ̀tígbà. Wọ́n á ra páálí irin lọ́dọ̀ ẹnì kan, mọ́dábọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, káàdì móódẹ̀mù tòkunbọ̀ lórí ilẹ̀, háàdì díìsìkì níbi tó bá ti pọ́ díẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tí kò tí ì rí ara wọn rí la ń kó jọ sínú àpótí kan, tí a ń retí pé kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí nítorí ibi tí mo ti wá. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri ìlú, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí wọn yóò fi gbà á. Báyìí gan-an la ṣe ta kọ̀ǹpútà fún àwọn tíṣà, ní ìdá mẹ́fà, ìdá mẹ́jọ. Èmi ni ọ̀gá mi ń rán lọ sí ilé ìwé wọn ní ìparí oṣù. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá kú dáadáa kì í fẹ́ san ìyókù owó, n kò sì dá a lẹ́bi.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀, ẹ ní láti mọ bí pípa kọ̀ǹpútà ṣe yí padà. Àwọn tí a kọ́kọ́ bá ní bọ́tìnnì tó ń gé iná gan-an. Windows á parí iṣẹ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé ó ti tó àkókò láti pa á, ìwọ fúnra rẹ á wá tẹ bọ́tìnnì. Lọ́dún 1995 ni Intel gbé ètò ATX jáde, tí mọ́dábọ́ọ̀dù fi di ẹni tó ń gé iná fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ACPI jáde, èyí tó fi àṣẹ iná sọ́wọ́ Windows. Láti ìgbà náà, pípa kọ̀ǹpútà di ìpàdé. Windows á ké sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pé kó palẹ̀ mọ́, dráíbà ẹ̀yà náà ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Dráíbà yìí ni ìlànà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Windows àti ẹ̀yà náà. Bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá dáhùn, tàbí tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, gbogbo ilé dàrú.

XP tilẹ̀ máa ń wo ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Bí ó bá rí i pé ọjọ́ tó wà lára BIOS, ìlànà inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ, ti ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, kì í sábà fọkàn tán ACPI rẹ̀, yóò sì padà sí ìlànà àtijọ́. Mélòó ni a rí nínú wọn, tí ènìyàn rò pé ó bàjẹ́, tó kàn dúró síbẹ̀ tó ń dúró de ọwọ́ tó máa tẹ bọ́tìnnì!

Ohun tó bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni NEPA, àwọn oníná. Ìdajì àwọn oníbàárà wa kò pa kọ̀ǹpútà rí. Iná tó ń lọ ló ń bá wọn pa á. Ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ti í kú lè wà nínú ilé fún ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá ra UPS tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, tàbí tó ra jẹnẹrátọ̀ kékeré, tó wá ní ìsinmi láti tẹ Shut Down, ọjọ́ náà ni àṣírí á tú.

Ti tíṣà yẹn gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ wọ inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ XP, wọ́n yọ àmì tó ní kí ẹ̀rọ máa tún ara rẹ̀ tàn bó bá ṣubú. Àmì yẹn ló ń mú kó dà bíi pé ẹ̀rọ ń jí. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣubú nígbà tó ń kú lọ, ìjí náà sì ń gbá ẹ̀rí dànù. A tún pa á. Ojú bùlúù yọ, pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń da nọ́ńbà rẹ̀ kọ: 0x0000009F. Ọ̀gá mi sáré lọ sí káfẹ́ẹ̀ kan ní Ọláìyá, wọ́n padà dé pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀. Dráíbà kan kò dáhùn ìpè iná.

Èwo nínú wọn? A pa ẹ̀rọ, a yọ káàdì ohùn, a tàn án, a ní kó kú. Ó ṣubú. A dá káàdì náà padà kí a tó yọ òmíràn, torí ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a yọ méjì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní bí o bá yọ méjì tó sì sàn, o ò ní mọ ẹni tí wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A yọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ṣubú. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta ni a yọ móódẹ̀mù tí tíṣà fi ń lo okùn tẹlifóònù NITEL. Mo tẹ Shut Down. Ojú ẹ̀rọ dúdú, iná aláwọ̀ ewé iwájú rẹ̀ kú, fáànù yí lọ́ra, ó yí lọ́ra sí i, ó dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì wà létí mi. Dráíbà móódẹ̀mù náà, ayé Windows 98 ni wọ́n ti kọ ọ́. XP gbà á wọlé láìjanpata, ó kàn ń bá a jà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé Windows tuntun ló ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìbéèrè ni Windows tuntun bi àwọn ẹ̀yà, tí ti àtijọ́ kò bi wọ́n rí. Àwọn tí inú mi kò dùn sí ni àwọn tó ṣe ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n tà á dé ọjà wa, tí wọn kò sì padà wá kọ dráíbà tuntun fún un. Tíṣà tó fi oṣù mẹ́jọ san owó ẹ̀rọ ló ru ẹrù yẹn.

Bí ọdún ṣe ń lọ, ẹjọ́ kan náà ń gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní nǹkan bí ọdún 2004 sí 2007, a máa ń tú ẹ̀rọ, a ó sì bá kapásítọ̀ orí mọ́dábọ́ọ̀dù tí orí wọn ti wú, tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń sun jáde lára òmíràn. Gbogbo ayé ni àìsàn yẹn kárí nígbà náà. Irin jíjó tí ọ̀gá mi kọ́ nídìí rédíò ló gbà wá sílẹ̀.

Windows 8 dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ó sì yí ìtumọ̀ pípa padà: bí o bá ní kó kú, ìdajì rẹ̀ ló ń sùn, kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó kú tán lè di Shift mú kó tó tẹ Shut Down. Àwọn ẹ̀rọ àtòpọ̀ wa kò fẹ́ràn oorun yìí rárá. Àmọ́ àkọsílẹ̀ inú Windows ti dára sí i. Ó máa ń kọ 41 sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Nílé wa níbí, 41 kún inú ẹ̀rọ bí erùpẹ̀, nítorí iná tó ń lọ. Ibi tí mo ń wò ni nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òdo, ó sábà máa ń jẹ́ pé iná ló lọ. Bí ó bá jẹ́ 159, mo mọ̀ ọ́n, 9F ọjọ́sí ni, wọ́n kàn kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ìjọ kan ní Ìjọ̀fì, níbí ní Iléṣà, gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ètò ìsìn wá. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ bá fi tipátipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ojú bùlúù ti di dúdú báyìí, ṣùgbọ́n 159 ni mo bá. Ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ ọ́ sínú ìwé pupa. A ti yọ káàdì ohùn, a ti dá a padà. Lálẹ́ àná a yọ káàdì Wi-Fi, ọmọ iṣẹ́ mi sì na ọwọ́ sí Shut Down, iná bá lọ. Ó fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ "Wi-Fi", ó pa ìwé dé, a tilẹ̀kùn.