Afáralókun

Afáralókun ni ọ̀wọ́ èròjà tí ṣúgà, sítáàṣì àti cellulose inú igi jọ wà nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù, háídrójìn àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di wọ́n. Ewéko ni ó ń pèsè èyí tó pọ̀ jù: ewé a máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta di glucose, ewéko náà á sì fi glucose yìí kọ́ ìyókù. Bí gíráàmù kan sítáàṣì tàbí ṣúgà bá dà nínú ara, nǹkan bíi kìlókálórì 4 ni agbára tó ń ti ibẹ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe rí

Nínú ọ̀pọ̀ afáralókun, iye háídrójìn jẹ́ ìlọ́po méjì iye ọ́síjìn, bó ṣe rí nínú omi. C6H12O6 ni ti glucose. Ṣùgbọ́n kíka átọ̀mù nìkan kò tó láti dá wọn mọ̀. Deoxyribose inú DNA, C5H10O4, kò bá ìlànà yìí mu, bẹ́ẹ̀ afáralókun ni. Ásíìdì tó ń mú ọtí kan, C2H4O2, bá a mu, kì í sì í ṣe afáralókun. Bí átọ̀mù ṣe tò ló ṣe pàtàkì jù. Iye átọ̀mù kan náà ló wà nínú glucose, fructose àti galactose, síbẹ̀ fructose dùn ju glucose lọ dáadáa.

Nínú omi, glucose a máa ká kò di òrùka. Bó bá ti ń ká, ẹ̀ka OH kan lára rẹ̀ lè kọjú sísàlẹ̀ tàbí sókè. Èyí tó kọjú sísàlẹ̀ ni alpha, èkejì ni beta. Ibi ẹ̀ka yìí ni oríkèé tó ń so glucose mọ́ glucose máa ń wà, ìyàtọ̀ kékeré yìí ló sì ń pinnu bóyá ohun tí a fi glucose kọ́ yóò di oúnjẹ tàbí igi.

Ṣúgà

Glucose, fructose, galactose àti ribose dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ méjì bá so pọ̀, a ó rí sucrose inú ìrèké, maltose inú ọkà tó hù, àti lactose inú wàrà. Sucrose náà ló pọ̀ jù nínú oje ọ̀pẹ. Ìwúkàrà a gé e sí glucose àti fructose, a sì sọ méjèèjì di ọtí, ìdí nìyẹn tí ẹmu òwúrọ̀ fi ń dùn tí ti ìrọ̀lẹ́ sì ń le.

Lactose kò wúlò fún ara àfi tí ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní lactase bá gé e sí méjì. Lactase pọ̀ nínú ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dín kù nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ní 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Lactose kì í dà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran.

Sítáàṣì

Sítáàṣì ni glucose alpha tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀: amylose, tó gùn tààrà, àti amylopectin, tó yọ ẹ̀ka. Amylopectin ló máa ń kó nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ewéko a dì wọ́n pọ̀ sínú hóró wíwẹ́ tí kì í yọ́ nínú omi tútù. Nítorí náà ni sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tàbí ògì ṣe ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igbá tí omidùn sì ń dá dúró lókè.

Ooru ló ń tú hóró náà. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bí 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, hóró á mu omi, á wú, amylose á sì máa jáde nínú rẹ̀. Ohun tó ń mú ẹ̀kọ mímu ki nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí omi tí kò hó dáadáa kì í fi í mú ògì jinná: ògì tútù á mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀kọ bá wá tutù nínú ewé, àwọn ẹ̀wọ̀n amylose á tún tò ti ara wọn, ẹ̀kọ á dì, omi á sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀. Apá kan nínú sítáàṣì tó dì báyìí kì í dà nínú ìfun kékeré mọ́. Kòkòrò tíntìntín inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́.

Ti gàárì tún lágbára ju èyí lọ. Nínú ẹ̀gẹ́, glucose kan wà tó so mọ́ èròjà cyanide, linamarin ni à ń pè é. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á já oríkèé náà, májèlé á tú sílẹ̀, fífún àti yíyan á sì lé èyí tó pọ̀ jù lọ. Yíyan yìí kan náà ló ń se apá kan sítáàṣì rẹ̀, tí omi gbígbóná nìkan fi tó láti tẹ ẹ̀bà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àmàlà sàn fún alárùn àtọ̀gbẹ ju iyán lọ. Èsì ìwádìí lórí èyí ń yàtọ̀ síra. Irú iṣu, bí a ṣe ṣe èlùbọ́, bí òkèlè ṣe tutù tó àti ọbẹ̀ tí a fi jẹ ẹ́ lè yí èsì padà, nítorí náà kò tíì yẹ kí a fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ìwọ̀n òkèlè tí a jẹ, ní tirẹ̀, kò ní àríyànjiyàn: bó bá ti pọ̀ tó ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ń gòkè tó.

Glycogen àti cellulose

Glycogen ni sítáàṣì ti ẹranko, inú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ ju ti amylopectin lọ, èyí sì ń jẹ́ kí ara lè tètè já glucose kúrò lára rẹ̀.

Oríkèé beta ni cellulose ń lò. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ gùn gbọọrọ, wọ́n sì di ara wọn mú pinpin. Òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì cellulose. Ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tó lè gé e. Màlúù àti ewúrẹ́ pàápàá kò ní in, kòkòrò inú ikùn wọn ló ń bá wọn ṣe é.

Chitin, afáralókun mìíràn, ló wà lára èèpo akàn àti nínú olú.

Ìtàn

Ní 1747, Andreas Marggraf ní Jámánì rí sucrose nínú bíìtì. Ní 1811, Kirchhoff ní Rọ́ṣíà fi ásíìdì se sítáàṣì, ó sì di ṣúgà. Payen àti Persoz yọ ẹ́ńsáìmù diastase jáde láti inú ọkà tó hù ní 1833. Irú ẹ́ńsáìmù yìí ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń fi àgbàdo tó hù pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Emil Fischer ló tú ètò átọ̀mù glucose palẹ̀ ní 1891, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Láàárín àwọn ọdún 1950, Walter Morgan àti Winifred Watkins ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ṣúgà ló ya ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀: ẹyọ kan tó jọ galactose ló wà ní ìparí ẹ̀wọ̀n ti A, galactose gan-an ló wà ní ti B, kò sì sí ọ̀kankan nínú méjèèjì ní ti O.