Òfin Tó De Ọba ní Ọ̀yọ́ Ilé

Ọ̀yọ́ Ilé ní òfin ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, síbẹ̀ tí ó de ọba àti ìjòyè pọ̀. Igbá kejì òrìṣà ni Aláàfin, ṣùgbọ́n kì í fi ara rẹ̀ jẹ. Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ó ń yan ọba láàárín àwọn ọmọ oyè. Bí ọba bá di aninilára, Baṣọ̀run á kéde pé ayé kọ̀ ọ́, ọ̀run kọ̀ ọ́. Wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọba tó bá ti ṣígbá kò gbọdọ̀ rí ọjọ́ kejì. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà kò sì dá wà: Ògbóni, àwọn awo ilẹ̀, ń ṣọ́ wọn.

Baṣọ̀run Gáà ló fi hàn pé òfin lè di idà lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Láti nǹkan bí 1754 ni ó ti ń lo àṣẹ igbá fún ìfẹ́ ara rẹ̀. Ọba ń kú tẹ̀ léra wọn, àwọn ọmọ Gáà sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ kiri. Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ olórí ogun Ọ̀yọ́, lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n sì pa Gáà.

Àṣà mìíràn ni pé Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba tó ń bá bàbá rẹ̀ lo agbára, gbọ́dọ̀ bá a kú. Aláàfin Àtìbà, tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, pa àṣà yìí tì kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, tí òun náà jẹ́ Kakaǹfò, kọ̀ jálẹ̀ pé kò bófin mu. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí oyè, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ní 1862 ni Ìjàyè tú.

Ìtàn méjèèjì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ìjọba. Òfin tí ẹnì kan ṣoṣo lè lò bó ṣe wù ú á di ìnilára, bíi ti ìgbà Gáà. Èyí tí a bá sì yí padà láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó kàn fọwọ́ sí i lè fa ogun, bó ti wù kí àyípadà náà dára tó.