Ibi tí Ojú Wò, Ibi tí Àwòrán Bọ́ Sí

Ní ilé púpọ̀ nínú wa, fọ́tò àgbàlagbà kan wà tí ojú olóògbé ṣe bàìbàì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí bíríkì ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é kà. Bí kò bá sí fọ́tò rẹ̀ mìíràn, àdánù ńlá ni. A sábà máa ń sọ pé ọwọ́ ayafọ́tò ló gbọ̀n. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ògiri náà ì bá ti ṣe bàìbàì pẹ̀lú. Ó yẹ kí a wá ẹ̀bi lọ síbòmíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1839 ni a fi ọgbọ́n Daguerre han gbogbo ènìyàn ní Páríìsì. Antoine Claudet, ọmọ ìlú Lyon tí a bí ní 1797, kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ṣí ilé ìyàwòrán sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1841. Àwọn oníbàárà jókòó láìmira, wọ́n sanwó. Síbẹ̀, ohun tí ó mọ́ kedere lójú lórí gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀rọ a máa bàìbàì lórí àwo fàdákà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ni ojú wa ń rí jù, nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ni àwo náà ń gbà. Awò kì í sì í kó méjèèjì jọ sí ojú kan náà.

Claudet wá ṣe ohun-èlò kan tí a ń pè ní focimètre: àwọn pátákó pẹlẹbẹ onínọ́ńbà, tí ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ díẹ̀díẹ̀. Yóò mú ojú ẹ̀rọ ba nọ́ńbà kan, yóò ya á, yóò sì wo nọ́ńbà tí ó mọ́ jù nínú àwòrán. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn ni, ó ti mọ ìwọ̀n tí yóò fi sún awò nìyẹn. Claudet kú ní oṣù Kejìlá 1867. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí iná jó ilé ìyàwòrán rẹ̀, tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣègbé.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ tó ń sún awò fúnra rẹ̀ tó dé ọjà. Ti Konica jáde ní 1977, Minolta 7000 tẹ̀ lé e ní 1985, láti Jàpáàn ni méjèèjì. Nínú irú ẹ̀rọ Minolta yìí, dígí kan ń darí apá kan ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀, níbi tí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ni àwòrán ń bọ́ sí. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá dọ́gba, kódà kí ó kéré ju ìbú irun orí lọ, wàhálà Claudet tún padà dé. Ní 1987 kọ́ ni a rí ojútùú tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. 2007 ni, nígbà tí Canon àti Nikon fi í sínú EOS-1D Mark III àti D3, kí ayafọ́tò lè tún awò kọ̀ọ̀kan ṣe. A ó gbé rúlà dàgẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, a ó mú ojú rẹ̀ ba ìlà kan, a ó ṣí awò tán, a ó yà á, a ó sì wo ìlà tí ó mọ́ jù. Focimètre kan náà ni.

Ẹ̀rọ tuntun tí kò ní dígí ń wọn ìmọ́lẹ̀ níbi tí àwòrán ń bọ́ sí gan-an, nítorí náà àléébù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àlòkù onídígí ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí ọjọ́ ọdún tó pé, kí wọ́n tó dojú rẹ̀ kọ àwọn àgbà, rúlà kan àti wákàtí kan tó fún un.